Wọ́n fẹ́ wó dóòmù mọ́sálásí àdúgbò wa, mo fẹ́ gbé e sínú kọ̀ǹpútà kó tó lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

OmoTanke3D
Asàlámù alaykum gbogbo ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mọ́sálásí kan wà ládùúgbò wa nínú Ìlọrin níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe dóòmù ẹ̀ láyé àwọn bàbá wa, ó ti ń jò, kọmítì sì ti pinnu pé àwọn máa wó o, káwọn fi alumíníọ́ọ̀mù tó ń dán ṣe òmíràn bíi tàwọn tó kù nígboro. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná, wọ́n gbà, wọ́n ní ó di lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ káwọn tó fọwọ́ kàn án.

Èyí tí wọ́n ń pè ní parametric model ni mo fẹ́ ṣe. Mi ò kàn fẹ́ ya fọ́tò kí n sì so wọ́n pọ̀ di àwòrán 3D tó rẹwà, ohun tí mo ń wá ni òfin tí ẹni tó kọ́ dóòmù yẹn tẹ̀lé: bó ṣe fẹ̀ láti etí kan dé èkejì, bó ṣe ga tó, ibi tó fi ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì lé tó fi fa ìtẹ̀ ẹ̀, bó ṣe nípọn nísàlẹ̀ àti bó ṣe nípọn ní àtàrí. Tí mo bá ti ní àwọn nọ́ńbà yẹn, Grasshopper, irinṣẹ́ tó wà nínú Rhino, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya 3D, á fi wọ́n kọ́ dóòmù náà, tí mo bá sì yí ọ̀kan padà gbogbo ara dóòmù á tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Nígbà tí iná jó ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ní Paris ní 15 April 2019, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Andrew Tallon ti fi laser wọn gbogbo inú ẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún mélòó kan ṣáájú. Ọkùnrin yẹn kú ní 2018, kò fojú rí iná náà, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n gbára lé títí wọ́n fi ṣí ilé yẹn padà ní December 2024. Àwa ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Omo_Igbomina
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò sí nínú iṣẹ́ yín rárá, Òmù-Àrán ni mo wà tí mo ti ń tajà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí wù mí. Fóònù ọwọ́ mi yìí ti ń ṣe 3D, mo ti fi yí igi ìdí ilé wa po tí mo ń ya fọ́tò ẹ̀ léraléra, ó sì jáde bó ṣe rí gan-an. Tí àwòrán bá ti jọ ọ́ tán, kí lẹ tún fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe?

OmoTanke3D
Àbúrò, ìbéèrè gidi lo bi yẹn. Fọ́tò ẹ̀wù yàtọ̀ sí ìwọ̀n tó wà nínú ìwé tẹ́lọ̀. Ẹni tó ní fọ́tò mọ bí ẹ̀wù ṣe rí, àmọ́ ẹni tó ní ìwọ̀n lè tún un rán, ó lè rán an fún ẹni tó sanra jù, ó sì lè mọ ibi tó ti fún láti ìgbà tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. 3D tó ti inú fọ́tò jáde, àìmọye onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ tó so mọ́ra ni, kò mọ̀ pé dóòmù lòun, kò mọ ìdí yàtọ̀ sí àtàrí, ibi tí kámẹ́rà ò bá dé ihò ló máa wà níbẹ̀.

Wo dóòmù Florence ní Ítálì tí Brunelleschi kọ́ láàárín 1420 sí 1436. Igun mẹ́jọ ló ní, ìtẹ̀ tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan nínú lọ́hùn-ún, rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún bí dóòmù yẹn ṣe fẹ̀. Tó o bá ti mọ ìdá yẹn, o ti di ìtẹ̀ gbogbo ẹ̀ mú, àfikún ni gbogbo ìyókù. Irú ìdá bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá nínú dóòmù tiwa.

Safiyo_Adewole
Kó o tó débẹ̀, jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Fọ́tò ò mọ mítà. Tí ò bá sí nǹkan tó o ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ nínú àwòrán, dóòmù mítà mẹ́jọ àti dóòmù mítà méjìdínlógún lè jáde bákan náà nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ àmì dúdú àti funfun mọ́ ògiri nínú àti níta, kó o fi total station, ẹ̀rọ táwọn tó ń wọn ilẹ̀ ń lò, wọn ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, tó ò bá ní, wá bá mi. Àwọn fọ́tò gbọ́dọ̀ máa gun orí ara wọn, ó kéré tán ìdá méje nínú mẹ́wàá ohun tó wà nínú fọ́tò kan gbọ́dọ̀ tún hàn nínú èyí tó tẹ̀lé e. Ọjọ́ tí kùrukùru bo oòrùn ló dáa jù, oòrùn ọ̀sán máa ń ju òjìji sí i lára tí sọ́fítíwíà á fi rò pé ara dóòmù ni.

Èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni inú àti ẹ̀yìn. Wọ́n á ya inú lọ́tọ̀, wọ́n á ya ẹ̀yìn lọ́tọ̀, wọn ò ní so méjèèjì pọ̀. Gba ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà kọjá, kí àmì kan náà hàn nínú fọ́tò inú àti tìta, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ o ò ní mọ bó ṣe nípọn láéláé, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹnjiníà máa kọ́kọ́ bi ọ́ nìyẹn.

Dróònù o, má kàn gbé e sókè. Ní Nàìjíríà ó gba àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ààbò. Tí ilé gíga kan bá wà nítòsí, gun orí ẹ̀ kó o fi lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan mọ́ra yà á. Inú mi dùn pé ìsìnyí lo fẹ́ ṣe é, torí tí alumíníọ́ọ̀mù bá ti gorí ẹ̀ tán, ohun tó ń dán máa ń da sọ́fítíwíà láàmú, ojú ọ̀run àti igi ló ń rí lára ẹ̀.

EnjiniaOffa
Mo gba ti Sáfíyọ̀. Àmọ́ OmoTanke, gbọ́ èyí dáadáa, torí mo ti rí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́: wọ́n á fi nọ́ńbà fa dóòmù tó gún régé, wọ́n á wá ní dóòmù yẹn nìyí. Kì í ṣe òun. Kò sí dóòmù tó pẹ́ tó ṣì gún bí ìgbà tí wọ́n fà á lórí ìwé.

Hagia Sophia, ilé ìjọsìn àtijọ́ tó wà ní Istanbul, wọ́n parí ẹ̀ ní 537. Ìmìtìtì ilẹ̀ mì í títí, dóòmù yẹn já wálẹ̀ ní 558. Isidore Kékeré tún un kọ́, ó gbé e ga ju ti àkọ́kọ́ kó má bàa máa ti ògiri síta jù, wọ́n ṣí i padà ní 562. Apá kan tún wó ní 989, apá mìíràn wó ní 1346. Dóòmù kan lojú ń rí, àmọ́ ọwọ́ èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti sẹ́ńtúrì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára ẹ̀, kò sì rìbìtì mọ́, ó fẹ̀ sí ọ̀nà kan ju èkejì lọ. Tó o bá fi òbìrí kan ṣoṣo bò ó mọ́lẹ̀ nínú Grasshopper, gbogbo ìtàn yẹn lo pa rẹ́.

Kí wá ni model wà fún? Òun lo máa fi wọn ohun tó wà nílẹ̀. Fa dóòmù tó yẹ kó jẹ́, gbé e lé orí point cloud, ìyẹn àìmọye àmì tóótòòtó tó o rí gbà nínú wíwọn, sọ́fítíwíà CloudCompare á fi àwọ̀ hàn ọ́ ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀ síra. Inú àwọ̀ yẹn lọ̀rọ̀ wà. Tí ìdí dóòmù bá ti yọ síta yí po, tí àtàrí sì ti wọlẹ̀ díẹ̀, dóòmù ń ṣí nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló wọlẹ̀, lọ wo ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ àti ibi tí omi òjò ń gbà. Tí ìyàtọ̀ bá kàn ń lọ sókè sódò níbi gbogbo, ọwọ́ bírìkìlà ni, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Wo ibi tó bá sán pẹ̀lú. Dóòmù tó jẹ́ ìlàjì òbìrí, tó jẹ́ ìwọ̀n ara ẹ̀ nìkan ló ń gbé, láti àtàrí títí dé nǹkan bí 52 dìgírì, gbogbo ara ẹ̀ ló ń fún mọ́ra. Tó bá ti kọjá ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó fẹ́ fẹ̀ yí po, ìfà ló wà yí ara ẹ̀ po. Ìdí nìyẹn tí dóòmù òkúta àti bíríkì fi máa ń sán láti ìdí gòkè. Kọnkéré ní rọ́ọ̀dù tó ń bá a gba ìfà yẹn, àmọ́ tí omi bá ti dé ọ̀dọ̀ rọ́ọ̀dù tó dípẹtà, ẹ̀rù ni.

Pakata_Boy
Ẹ má bínú sí mi ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, dóòmù kọnkéré tí bàbá mi mọ ìgbà tí wọ́n dà á lẹ ń pè ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé? Ère Èsìẹ́ lèmi mọ̀ sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún tí wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù fún ní 1945. Mọ́sálásí ńlá wa gan-an, 1981 ni Shagari ṣí i. Ẹ jẹ́ ká fi owó yìí gbẹ́ kànga fáwọn tó ń ṣe àlùwàlá.

OmoTanke3D
Àbúrò mi, kò sówó kọmítì kankan nínú ẹ̀, láàpútọ̀ọ̀pù mi àti kámẹ́rà tí mo yá ni. Lóòótọ́ 1981 ni, àmọ́ ní 2012 wọ́n ti tún mọ́sálásí ńlá yẹn ṣe wọ́n sì tún un ṣí. Láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ojú ilé tí gbogbo ayé fi ń mọ Ìlọrin ti yí padà. Ti kékeré àdúgbò ló ń yára lọ jù, torí kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò wọn. Àwọn tó da kọnkéré yìí ṣì wà láàyè, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sáré.

AafaAgbaji
Bàrìkà fún gbogbo yín. Pakata, ọ̀rọ̀ ẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wá ìjà, àmọ́ jẹ́ kí n sọ ti Zaria fún ẹ. Mọ́sálásí Jímọ̀ Zaria tí Babban Gwani Mikaila kọ́ ní sẹ́ńtúrì 19, amọ̀ ni gbogbo ẹ̀, wọ́n fi igi kan tí Hausa ń pè ní azara tí ikán kì í jẹ sínú amọ̀, wọ́n tẹ̀ wọ́n kọ́dọ́rọ́ láti orí òpó kan dé òmíràn, àwọn ìtẹ̀ yẹn pàdé ara wọn lókè wọ́n sì gbé dóòmù. Lóde òní ilé ìgbàlódé ti bò ó láti ìta. Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán-ilé ará Poland, ló lọ káàkiri Nàìjíríà tó ń wọn irú ilé bẹ́ẹ̀ tó sì ń yà wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọpẹ́lọpẹ́ irú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi lè kọ́ mọ́sálásí Zaria bó ṣe rí nígbà náà sínú mùsíọ́ọ̀mù ilé ìbílẹ̀ tó wà ní Jọ́ọ̀sì. Fọ́tò nìkan ò lè gbé iṣẹ́ yẹn.

Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rò pé ohun àjèjì lẹ gbé wọ inú mọ́sálásí. Jamshīd al-Kāshī, ọmọ ìlú Kashan ní Iran, tó bá Ulugh Beg, alákòóso tó fẹ́ràn ìmọ̀, ṣiṣẹ́ ní Samarkand, nínú ìwé ìṣirò tó parí ní 1427, ó ya ibì kan sọ́tọ̀ fún wíwọn àwọn ìtẹ̀ ẹnu ọ̀nà, àjà tó tẹ̀ kọ́dọ́rọ́, dóòmù àti muqarnas, ìyẹn ọ̀ṣọ́ ihò kéékèèké tó gun orí ara wọn lábẹ́ àjà. Ó fi hàn bí wọ́n ṣe ń fa ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì wá nọ́ńbà kan: tí èèyàn bá fi fífẹ̀ dóòmù sọ ara ẹ̀ di púpọ̀, tó tún wá fi nọ́ńbà yẹn sọ ọ́ di púpọ̀, á mọ bí ojú dóòmù ṣe tó. Yí fífẹ̀ padà, ìdáhùn á yí padà, ìtẹ̀ á wà bó ṣe wà. Ohun tí OmoTanke fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe gan-an nìyẹn.

Àmọ́ ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ Lèmọ́mù, ẹ má ya fọ́tò àwọn tó ń kírun, ẹ má sì gbé irin yín dí ọ̀nà ibi táwọn obìnrin ń gbà wọlé.

OmoTanke3D
Jazākallāhu khayran Ààfáà. Mo wá mọ̀ báyìí pé ti Zaria yẹn, tí mo bá fi ọ̀nà tèmi ṣe é, kò ní bọ́ sí i rárá. Èmi ń fa ìtẹ̀ kan ṣoṣo, mo sì ń yí i po àárín. Tibẹ̀ yẹn, ìtẹ̀ tó ń kọjá lórí ara wọn ló gbé e, nọ́ńbà tó ń darí ẹ̀ máa jẹ́ iye ìtẹ̀, ibi tí òpó wà, ibi tí wọ́n ti pàdé, bí igi ṣe gùn tó. Ẹ ti jẹ́ kí n mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà.

AlajiBirikila
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àpérò. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ń fẹnu sọ. Òkèlele ni mo wà, iṣẹ́ bírìkìlà ni mo fi tọ́ wọn. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ ń wá yẹn, wáyà ni.

Tá a bá fẹ́ ṣe dóòmù, a ó kọ́kọ́ da bíìmù yí ìdí ẹ̀ po. A ó wá gbé òpó kan sí àárín gbùngbùn, a ó fi irin tá a so mọ́ okùn wò ó pé kò fì sí ibì kankan. Ọ̀gá á ní ẹ kan ìṣó síbí. A ó so wáyà mọ́ ìṣó, torí okùn lásán máa ń fà, ó lè gùn sí i lọ́sàn-án. Wáyà yẹn la ó máa mú yí po, ibi tí ẹnu ẹ̀ bá dé ni pákó máa dé, ẹyọ kan ò gbọ́dọ̀ kọjá ẹ̀. Tí dóòmù bá máa rìbìtì, orí òpó gan-an ni ìṣó wà. Tí orí ẹ̀ bá máa ṣóńṣó, a ó kan pákó kan dábùú mọ́ òpó, ìṣó á sún kúrò láàárín, ẹni tó ń ṣe apá ọ̀tún, ìṣó tiẹ̀ wà lápá òsì, pákó yẹn á sì máa yí pẹ̀lú wáyà. Bí ìṣó bá ṣe jìn sí àárín tó ni orí dóòmù á ṣe ṣóńṣó tó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ka ìwé, àmọ́ wáyà ẹ̀ ò parọ́ rí.

Ìsàlẹ̀ máa ń nípọn ju òkè. A ó di rọ́ọ̀dù tó ń ti ìdí lọ sókè àti èyí tó yí po, a ó máa da kọnkéré ní ipele ní ipele láti ìdí gòkè. Tí sìmẹ́ńtì bá tán tàbí tí ilẹ̀ bá ṣú, a ó dúró, a ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ibi tá a dúró yẹn, àná àti òní kì í lẹ̀ mọ́ra dáadáa, ibẹ̀ lomi máa ń wá wọlé tó bá pẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń jò yí po ní ìlà kan, kì í ṣe pé dóòmù fẹ́ wó. Ibi tí iṣẹ́ ti dá lọ́jọ́ náà ni.

EnjiniaOffa
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Ohun tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. OmoTanke, fi í sínú model ẹ: gíga ipele kọ̀ọ̀kan láti ìdí. Lẹ́yìn náà kó o fa gbogbo ibi tó ń jò àti gbogbo ibi tó sán sórí ẹ̀. Tí ìlà bá ń lọ yí po ní gíga kan náà, ojú ìdápọ̀ Bàbá nìyẹn, wọ́n lè gbẹ́ ẹ, kí wọ́n dí i, kí wọ́n fi nǹkan tí omi ò lè gbà kọjá bo ẹ̀yìn ẹ̀. Tí ìlà bá ń ti ìdí gòkè, ìyẹn ni kó o pe ẹnjiníà sí kíákíá. Kí wọ́n sì fi òòlù kékeré lù ú káàkiri, ibi tó bá ń dún bí ohun tó ṣófo, ó lè jẹ́ pé rọ́ọ̀dù ti ń dípẹtà níbẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé wọn ò tiẹ̀ ní láti wó o. Dóòmù ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's ní Róòmù, láti ìdí gòkè ló sán, ẹ̀rù ba gbogbo wọn, Póòpù ránṣẹ́ pe Giovanni Poleni, onímọ̀ ìṣirò kan, ní 1743. Ọkùnrin yẹn gbé ṣéènì kan kọ́, ó so ìwúwo mọ́ ọn bí apá kọ̀ọ̀kan dóòmù ṣe wúwo tó, ó dojú àwòrán ìtẹ̀ rẹ̀ délẹ̀, ó rí i pé ó wà nínú ara dóòmù níbi gbogbo, pé kò ní wó. Òrùka irin ni wọ́n fi dè é lámùrè, ó ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Àwa náà lè fi Grasshopper ṣe ṣéènì Poleni, tí nọ́ńbà nínípọn bá tọ̀nà.

Bàbá, ti pé ìsàlẹ̀ nípọn ju òkè, àwọn ará Róòmù náà mọ̀ ọ́n. Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ tí wọ́n kọ́ parí ní nǹkan bí ọdún 126, inú ẹ̀ fẹ̀ tó mítà 43.3, ìdí dóòmù nípọn tó mítà mẹ́fà, etí ihò tó wà ní àtàrí kò ju mítà kan lé díẹ̀, wọ́n sì lo òkúta fúlẹ́fúlẹ́ nínú kọnkéré òkè.

Pakata_Boy
Tó bá jẹ́ pé ó lè gba dóòmù yẹn là, ti kànga tí mo sọ, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo lè wá bá yín di àtẹ̀gùn mú.

Safiyo_Adewole
Tó o bá ṣe é tán, má fi sílẹ̀ nínú Grasshopper nìkan, ogún ọdún sí i ta ló mọ̀ bóyá á ṣì ṣí. Point cloud, gbé e jáde ní E57. Model, gbé e jáde ní IFC. Oríṣi fáìlì tí sọ́fítíwíà púpọ̀ lè ṣí làwọn méjèèjì. Àwọn nọ́ńbà, kọ wọ́n sínú fáìlì lásán tí èèyàn lè kà láìsí sọ́fítíwíà, kó o sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún kọmítì. Ní ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kọ bóyá o wọ̀n ọ́n ni, ẹnì kan sọ ọ́ fún ẹ ni, àbí o fojú bù ú. Àdéhùn kan wà tí wọ́n ń pè ní London Charter, láti 2006, ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ àwa tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nìyẹn, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ èyí tó dájú yàtọ̀ sí èyí tí a rò.

OmoTanke3D
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àǹtí Ẹnjiníà, mo máa fi ìlà ibi tó ń jò ránṣẹ́ sí yín kí n tó fi han kọmítì. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n máa ń kan ìṣó yẹn sí, ṣé ìwọ̀n kan wà tí ọ̀gá yín máa ń lò?

AlajiBirikila
Tiwa, tó bá máa ṣóńṣó, a máa ń pín fífẹ̀ inú sí mẹ́rin, ìṣó á sún ìdá kan kọjá àárín. Ọ̀gá mìíràn ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi mọ iṣẹ́ ta ni. Àwọn méjì tá a jọ kọ́ṣẹ́ ṣì wà, ọ̀kan wà ní Òkè-Àgódí, èkejì ti padà sí Òffà. Ẹ wá lẹ́yìn ìrun Àsárì, màá mú yín lọ bá ti Òkè-Àgódí, òun ló mọ dóòmù àdúgbò yín jù.

OmoTanke3D
Bàbá, a ń bọ̀. Pakata_Boy, mú àtẹ̀gùn yẹn dání.